Àwọn Afọbajẹ Ìwé: Ìtàn Lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà nínú Kíláàsì Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá wọ kíláàsì èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yálà ní ìpínlẹ̀ Maine ní àríwá ni tàbí ní Texas ní gúúsù, ó ṣeé ṣe kí ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nídìí ọ̀kan nínú ìwé mélòó kan tí kò pọ̀ rárá: The Scarlet Letter ti Nathaniel Hawthorne, Adventures of Huckleberry Finn ti Mark Twain, The Great Gatsby ti F. Scott Fitzgerald, Of Mice and Men ti John Steinbeck, tàbí To Kill a Mockingbird ti Harper Lee. Orílẹ̀-èdè náà kò ní àjọ kan ṣoṣo tí ó ń yan ìwé fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti àgbègbè kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe ètò tirẹ̀. Síbẹ̀, ìwé kan náà ni ó ń ti ọwọ́ òbí bọ́ sí ọwọ́ ọmọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní ìwé àjogúnbá, èyíinì ni ìwé tí ìran kan kà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sì fi lé ìran tí ó tẹ̀lé e lọ́wọ́ pé kò gbọdọ̀ má kà á.

Èrò ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni pé dídára ìwé ni ó ń sọ ọ́ di àjogúnbá. Òtítọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ọmọ ọba pọ̀ nínú ààfin, àwọn afọbajẹ ni wọ́n ń mú ọ̀kan nínú wọn. Ìtàn tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí fi hàn pé ìdánwò, iye owó ìwé, ogun, ilé-ẹjọ́ àti olùkọ́ ni wọ́n jọ jẹ́ afọbajẹ nínú ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà. Ó sì tún fi hàn pé àwọn tí àwọn afọbajẹ wọ̀nyí gbójú fò dá, àwọn ọmọ wọn ni wọ́n jókòó sí kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí ara wọn nínú ìwé, tàbí kí ó jẹ́ pé bí ẹlòmíràn ṣe yà wọ́n ni wọ́n rí.

Ìgbà tí Ìwé Amẹ́ríkà Kò Sí Lára Ìwé Ìdánwò

Ọdún 1821 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ ní ìlú Boston. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, lítíréṣọ̀ kọ́ ni olórí iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gírámà ni, àti àkọ́sórí, àti ìmọ̀ bí a ti ń gbé ohùn sókè tí a sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níwájú àwùjọ. Àyọkà kéékèèké ni àwọn ọmọ ń kà nínú irú ìwé tí William McGuffey bẹ̀rẹ̀ sí ṣe jáde ní 1836, ẹ̀kọ́ ìwà rere sì ni a ń wá nínú wọn. Ọmọ tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì, Látìnì àti Gíríìkì ni yóò gbájú mọ́.

Yunifásítì Harvard ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Fún ìdánwò ọdún 1874, ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé kọ àròkọ kúkúrú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí òun yóò dárúkọ. Mẹ́fà ni ìwé náà: eré-oníṣe mẹ́ta ti Shakespeare, ìtàn-àròsọ kan ti Goldsmith, ìtàn-àròsọ kan àti ewì gígùn kan ti Walter Scott. Kò sí ọmọ Amẹ́ríkà kankan láàrin wọn. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ti kọjá tí orílẹ̀-èdè náà ti kéde òmìnira. The Scarlet Letter ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tí ó ti jáde. Ṣùgbọ́n lójú àwọn tí ń ṣètò ìdánwò, ìlú Òyìnbó tí àwọn baba wọn ti ṣí wá ni ojúlówó lítíréṣọ̀ ṣì fi ṣe ilé.

Ibi tí ìdánwò bá kọjú sí, ibẹ̀ ni kíláàsì ń kọjú sí. Àwọn yunifásítì yòókù tẹ̀lé Harvard, oníkálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, ó sì di ìṣòro fún olùkọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sí yunifásítì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1892, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́wàá kan kalẹ̀, Charles W. Eliot tí ó jẹ́ ààrẹ Harvard sì ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà dámọ̀ràn pé kí a máa kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ọdún mẹ́rin tí ọmọ yóò lò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní 1894, àpérò mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àkójọ ìwé tí àwọn yunifásítì yóò jọ máa lò.

Nínú irú àkójọ yìí ni àwọn ewì Amẹ́ríkà bíi Evangeline (1847) ti Henry Wadsworth Longfellow àti The Vision of Sir Launfal (1848) ti James Russell Lowell ti rí àyè. Kì í ṣe adùn ewì nìkan ni ó gbé wọn wọlé. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Houghton Mifflin ní Boston, tí ó ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ àwọn akéwì wọ̀nyí, ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ wọ́n ní ẹ̀dà pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú fún ilé-ẹ̀kọ́ láti àwọn ọdún 1880. Ìwé tí apá òbí ká ni olùkọ́ lè ní kí odindi kíláàsì rà.

Ṣùgbọ́n bí ìgbà ti ń lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú yunifásítì ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àwọn olùkọ́ kò fẹ́ kí ìwé tí a yàn fún àwọn díẹ̀ máa darí gbogbo wọn mọ́. Ní 1911, wọ́n pàdé ní Chicago, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ National Council of Teachers of English sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni pé kí olùkọ́ tí ó mọ ọmọ ní ojú àti ní orúkọ ní ohùn nínú yíyan ìwé tí ọmọ yóò kà. Ìjà náà kò tí ì parí títí di òní.

Ìwé Tí Ó Kú Tí Ó Tún Jí

Bí ènìyàn bá rò pé ìwé rere kì í sọnù, kí ó wo ìtàn Moby-Dick. Herman Melville tẹ ìwé náà jáde ní 1851, kò sì tà. Iṣẹ́ asọ́bodè ni òǹkọ̀wé náà ṣe ní New York fún ọdún mọ́kàndínlógún kí ó tó fẹ̀yìn tì, nígbà tí ó sì kú ní 1891, díẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ṣì rántí pé ó jẹ́ òǹkọ̀wé. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni ọ̀rọ̀ yí padà. Orílẹ̀-èdè náà ti di alágbára, ó sì ń wá ìwé tí yóò fi hàn pé òun náà ní ìjìnlẹ̀. Nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí a bí Melville, ní 1919, àwọn onímọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí wá iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ní 1921, Raymond Weaver kọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀. Nígbà tí ó di 1929, lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà ti ní jọ́nà tirẹ̀ ní Yunifásítì Duke. Àwọn tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní yunifásítì ni wọ́n padà di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì gbé ohun tí a kọ́ wọn lọ síbẹ̀.

Ti The Great Gatsby tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jáde ní 1925. Nígbà tí Fitzgerald kú ní 1940, ẹni tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá ni a kà á sí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àjọ àwọn atẹ̀wé àti àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé kéékèèké tí ó lè wọ àpò ṣòkòtò sójà, wọ́n sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Láàrin 1943 sí 1947, ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ lé ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́fà. The Great Gatsby wà lára àwọn ìwé náà, nǹkan bí 155,000 ẹ̀dà rẹ̀ ni a sì pín. Àwọn lámèyítọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí padà sórí iṣẹ́ Fitzgerald lẹ́yìn ogun, nígbà tí yóò sì fi di àwọn ọdún 1960, ìwé náà ti jókòó sí kíláàsì. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ìwé kúkúrú ni. Kò tó igba ojú-ìwé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kò lè fi Moby-Dick dánrawò.

Ọ̀nà Ìkọ́ni Méjì

Yàtọ̀ sí ìwé tí a yàn, ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ náà ní ìtàn. Ní ọdún 1938, ìwé méjì jáde tí wọ́n pín ọ̀nà níyà. Èkíní ni Understanding Poetry, tí Cleanth Brooks àti Robert Penn Warren ṣe. Èrò tiwọn ni pé inú ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí ìwé gan-an ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti wá ìtumọ̀, kì í ṣe nínú ìtàn ìgbésí-ayé òǹkọ̀wé. Èkejì ni Literature as Exploration, tí Louise Rosenblatt kọ. Ní tirẹ̀, ìtumọ̀ kò sí nínú ìwé nìkan; ibi tí ìwé àti òǹkàwé ti pàdé ni ó wà, ohun tí ọmọ sì mú wá láti ilé rẹ̀ jẹ́ ara ohun tí ó ń kà.

A lè fi The Scarlet Letter ṣe àpẹẹrẹ. Ní Boston ti sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, wọ́n fi ipá mú obìnrin kan tí ń jẹ́ Hester Prynne láti máa gbé lẹ́tà A pupa kan kiri ní àyà rẹ̀ nítorí pé ó ṣe panṣágà. Olùkọ́ tí ó bá tẹ̀lé ọ̀nà Brooks àti Warren yóò mú lẹ́tà náà bí àrokò. Yóò ní kí àwọn ọmọ tọpa rẹ̀ láti orí kan dé òmíràn, kí wọ́n wò ó bí ohun tí a fi kàn án gẹ́gẹ́ bí àbùkù ṣe wá di ohun tí àwọn ará ìlú kan ń túmọ̀ sí agbára àti àánú, láìjẹ́ pé lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ yí padà. Olùkọ́ tí ó bá tẹ̀lé Rosenblatt yóò kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè pé: ta ni nínú yín ni wọ́n ti fún ní orúkọ tí kò yàn fúnra rẹ̀ rí? Báwo ni ó ti ṣe é?

Ọ̀nà méjèèjì ní èrè, wọ́n sì ní ewu. Ti àkọ́kọ́ kọ́ ọmọ láti fi ara balẹ̀ kàwé, ó sì bá ìdánwò mu. Kò yani lẹ́nu pé òun ni ó gbilẹ̀ nígbà tí ìdánwò Advanced Placement bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Ewu rẹ̀ ni pé ó lè sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọdẹ àmì, tí yóò máa wá ìtumọ̀ iná aláwọ̀ ewé inú The Great Gatsby kiri nítorí pé ó mọ̀ pé ìdánwò yóò bèèrè rẹ̀, láìbìkítà fún ẹni tí ń wo iná náà. Ti èkejì so ìwé mọ́ ayé ọmọ. Ewu tirẹ̀ ni pé ìwé lè pòórá pátápátá, kí ó ku ìtàn ọmọ nìkan. Olùkọ́ tí ó dáńtọ́ a máa fi ọ̀kan gbe èkejì lẹ́sẹ̀.

Ìwé Tí Ó Ń Ta Ọmọ Lára

Kò sí ìwé tí ó fi ìṣòro yìí hàn tó Adventures of Huckleberry Finn. Ó jáde ní ìlú Òyìnbó ní ìparí 1884, ó sì dé Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1885. Ní ọdún 1885 yẹn kan náà, ilé-ìkàwé ìlú Concord ní Massachusetts yọ ọ́ kúrò lórí pẹpẹ rẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé ìwé náà rí gàràgàrà, èdè rẹ̀ kò sì bójú mu. Ọmọ tálákà tí kò gba ẹ̀kọ́ ni ó ń fi ẹ̀ka-èdè tirẹ̀ sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí kò sì dùn mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà. Ohun tí wọ́n kà sí àléébù yìí gan-an ni àwọn ará ẹ̀yìn wá yìn ín fún.

Nígbà tí ó fi di 1957 tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú New York yọ ọ́ kúrò lára ìwé tí ó fọwọ́ sí fún àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó wà nílẹ̀. Nínú ìwé náà, Huck àti Jim, ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀, jọ ń fi ìgbájá wọ odò Mississippi lọ. Ọ̀rọ̀ èébú tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń pe ènìyàn dúdú jáde nínú rẹ̀ ní ohun tí ó lé ní igba ìgbà. Àwọn tí ń gbèjà ìwé náà sọ pé ẹ̀fẹ̀ tí ó ní ìtumọ̀ ni Twain ń ṣe, pé ó ń fi ẹnu àwọn tí ń ṣe ẹrú tú àṣírí ìwà wọn. Wọ́n tọ́ka sí ibi tí Huck ti pinnu pé ó sàn kí òun jìyà ọ̀run ju kí òun fi Jim lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan tún wà: ọmọ dúdú kan ṣoṣo tí ó jókòó láàrin ọgbọ̀n ọmọ, tí a ń ka ọ̀rọ̀ náà sókè létí rẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi ojú wò ó, kò lè fi ìtumọ̀ ẹ̀fẹ̀ nìkan tu ara rẹ̀ nínú.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé-ẹjọ́. Ní 1998, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ kan dájọ́ lórí ẹjọ́ tí òbí ọmọ dúdú kan pè ní ìpínlẹ̀ Arizona. Ilé-ẹjọ́ náà kò gbà kí a fi àṣẹ kóòtù yọ ìwé náà kúrò nínú ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ó ní bí ilé-ẹ̀kọ́ bá mọ̀ pé a ń fi àwọ̀ ara ọmọ bú u nínú ọgbà rẹ̀, tí ó sì dákẹ́, ó lè jẹ̀bi lábẹ́ òfin. Ìdájọ́ yìí ṣe kókó fún olùkọ́: ìwé lè dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé e wá sí kíláàsì ni ó ni ojúṣe ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní 2011, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Alan Gribben ṣe ẹ̀dà kan tí ó fi "ẹrú" rọ́pò ọ̀rọ̀ èébú náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹnu àtẹ́ lù ú pé ó ń pa ìtàn rẹ́. Àwọn olùkọ́ mìíràn yan ọ̀nà tí ó yàtọ̀: wọ́n gbé ìwé Twain sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn tí Frederick Douglass, ẹni tí ó sá àsálà kúrò ní oko-ẹrú, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 1845. Nípa báyìí, Jim nìkan kọ́ ni ẹrú tí ọmọ bá pàdé. Ó tún pàdé ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí tí ó sì di òǹkọ̀wé.

Àwọn Tí A Kò Pè Síbi Ìjoyè

Ní 1989, Arthur Applebee gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ girama ń kọ́. Mẹ́wàá tí ó gbajúmọ̀ jù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: mẹ́rin jẹ́ ti Shakespeare, ọ̀kan jẹ́ ti William Golding, márùn-ún yòókù sì ni àwọn ìwé Amẹ́ríkà tí a dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó wà nínú gbogbo wọn, èyíinì ni Harper Lee. Kò sí òǹkọ̀wé dúdú kankan.

Ìwé Harper Lee jáde ní 1960, ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1961, wọ́n sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1962. Ìyà tí a fi jẹ ọkùnrin dúdú aláìṣẹ̀ kan ni kókó rẹ̀. Nítorí náà, òun ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gbà pé ó ti sọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun ni ó ń sọ ìtàn náà, agbẹjọ́rò aláwọ̀ funfun sì ni akọni rẹ̀. Ẹni tí a jẹ níyà kò rí àyè sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Kì í sì í ṣe pé ìwé àwọn ènìyàn dúdú ṣọ̀wọ́n. Zora Neale Hurston tẹ Their Eyes Were Watching God jáde ní 1937. Nígbà tí ó kú ní 1960, inú sàréè tí kò ní àmì ni wọ́n sin ín sí ní Florida, ìwé rẹ̀ kò sì sí lórí àtẹ. Alice Walker ni ó wá sàréè náà kàn ní 1973 tí ó sì gbé òkúta lé e; ní 1975 ó kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé-ìròyìn Ms.; ní 1978 ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Illinois tún ìwé náà tẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ yunifásítì, tí ó sì wá sọ̀ kalẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó gbà á ní ogójì ọdún ó lé.

Iṣẹ́ Hurston mìíràn kan àwọn Yorùbá gan-an. Ní 1927 àti 1928, ó lọ bá bàbá arúgbó kan ní Alabama, Oluale Kossola, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Cudjo Lewis. Ọkọ̀ Clotilda ni ó gbé e dé ní 1860. Àwọn òpìtàn sì tọ́ka sí i pé láti àárín àwọn tí ń sọ ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní agbègbè Bantè, ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin òde òní, ni wọ́n ti kó o. Hurston kọ ìtàn náà bí ó ti jáde lẹ́nu bàbá náà. Àwọn atẹ̀wé ní àfi kí ó tún èdè rẹ̀ ṣe, òun náà kọ̀. Ọdún 2018 ni ìwé náà, Barracoon, tó jáde. Èdè tí kò bójú mu ni Concord fi kọ ìwé Twain ní 1885. Ìwé yẹn sì ti di àjogúnbá tipẹ́tipẹ́ nígbà tí ohùn Kossola ṣì wà nínú àpótí nítorí ẹ̀sùn kan náà.

Ọ̀nà kò sì tẹ́jú fún àwọn tí wọ́n ti wọlé. Ní 1976, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ Island Trees ní ìpínlẹ̀ New York kó ìwé mélòó kan kúrò ní ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́, Black Boy ti Richard Wright sì wà lára wọn. Ní 1982, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ yọ ìwé kúrò ní ilé-ìkàwé nítorí pé èrò inú rẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kò ṣọ̀kan lórí ìdí rẹ̀, ìdájọ́ náà kò sì kan ìwé tí a ń kọ́ ní kíláàsì. Toni Morrison gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993, a sì ń kọ́ ìwé rẹ̀ káàkiri. Ìwé rẹ̀ kan náà sì wà lára èyí tí àwọn òbí kan ń fẹ̀sùn kàn jù.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ni ni pé ìwé àjogúnbá kì í dá ara rẹ̀ yàn. Ní 1874, àwọn tí ń ṣètò ìdánwò rò pé lítíréṣọ̀ ni wọ́n ń yàn, wọn kò mọ̀ pé ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn ni wọ́n ń fi hàn. Láti ìgbà náà, gbogbo àyípadà tí ó bá àkójọ ìwé ni ó ní ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún un: atẹ̀wé tí ó dín owó kù, onímọ̀ tí ó lọ tú inú pẹpẹ, òǹkọ̀wé tí ó wá sàréè ẹlòmíràn lọ, òbí tí ó lọ sí kóòtù.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí àwọn tí ń kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ní 1938, ọdún tí ìwé Brooks àti ti Rosenblatt jáde, ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà náà jáde, lẹ́yìn ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbé e dé ọwọ́ ìran lẹ́yìn ìran. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí àwọn olùkọ́ bá jókòó láti yan ìwé fún ìdánwò, ó yẹ kí wọ́n bi ara wọn léèrè irú ẹ̀ka-èdè tí wọ́n ń tì sẹ́yìn nítorí pé kò bójú mu, òǹkọ̀wé obìnrin wo ni ìwé rẹ̀ kò sí lórí àtẹ mọ́, àti ọmọ wo ni yóò ṣí ìwé tí wọ́n yàn tí kò ní bá ará ilé rẹ̀ kankan pàdé níbẹ̀. Afọbajẹ ni olùkọ́ jẹ́, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.